Sítìn rọ́bà tí mo fi sábẹ́ àpótí kámẹ́rà mi ló tún mú kó máa gbọ̀n sí i

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Mo ní àpótí kámẹ́rà kan tí mo dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Òun ló ń ya ojú ọ̀nà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ká lè rí ibi tí ọ̀nà ti ń sán. Ó wúwo tó kílò 2. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 14, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn ní 10, ó fẹ̀ ní 8. Nígbà tí mo fi bóòtù dè é mọ́ irin ní tààrà, àwòrán rẹ̀ ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Ni mo bá ra sítìn rọ́bà kéékèèké mẹ́rin, àwọn tó ní bóòtù lókè àti nísàlẹ̀, mo tò wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ àpótí náà. Èrò mi ni pé rọ́bà á gbé ìgbọ̀n yẹn mì.

Àfi bí mo ṣe tan ọkọ̀ tí àwòrán wá dà bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ pa rẹ́! Ibi tó ti burú jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì wà lórí sílò. Tí mo bá wá tan AC, ẹ má wulẹ̀ wò ó. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, ó sàn díẹ̀, àfi tó bá já sí kòtò.

Àyè tó wà lábẹ́ àpótí ò ju mílímítà 25 lọ, mi ò sì lè gbé e ga ju bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà onípísítìn mẹ́rin ni. Wọ́n kọ kílò 4 sára sítìn kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó lágbára ni o. Ẹ gbà mí.

Dúróònù7
Yọ gbogbo rẹ̀ dànù, fi fóòmù sí i. Fóòmù tó ní gọ́ọ̀mù lójú méjèèjì ni mo fi lẹ pátákó gáírò (èyí tó ń mọ̀ bí dúróònù ṣe ń yí) mọ́ ara dúróònù mi, kò sì sí wàhálà kankan látìgbà náà.

Ọmọ_Agbẹ̀dẹ
Dúróònù, rọra o. Mọ́tò dúróònù ń yí tó ìgbà 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pátákó tí o lẹ̀ sì fúyẹ́ bí ewé. Ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó wà lórí sílò.

Ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Èkíní, ìgbà mélòó ni ẹ́ńjìnnì yín ń yí ní ìṣẹ́jú kan tó bá wà lórí sílò? Èkejì, nínú ìwé tó bá sítìn yẹn wá, mílímítà mélòó ni wọ́n ní ó ń rì tí kílò 4 bá jókòó lé e?

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Ẹ ṣeun. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń fi 750 hàn. Ìwé sítìn ní kílò 4, rírì mílímítà 3.

Ọmọ_Agbẹ̀dẹ
Hẹ̀n-ẹ́n. A ti mú olè náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kílò 4 yẹn túmọ̀ sí, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lóye. Kì í ṣe pé sítìn yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹrù kílò 4 ni wọ́n ṣe é fún, abẹ́ ẹrù yẹn ló ti máa rọ̀ bó ṣe yẹ. Kílò 2 yín, ẹ pín in sí sítìn mẹ́rin, ìlàjì kílò péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ó wá ku ìṣirò. Gbogbo ohun tó bá jókòó lórí sípíríǹgì tàbí rọ́bà ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa lọ-bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n àbínibí rẹ̀ nìyẹn. A lè mọ̀ ọ́n láti ara iye tí rọ́bà fi rì: ẹ fi √rírì (ní mílímítà) pín 15.8. Kílò 4 rì 3 mm, ìlàjì kílò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀, torí náà ó máa rì 0.375 mm. 15.8 ÷ √0.375, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 26 Hz, ìyẹn ìgbà 26 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì. Písítìn kọ̀ọ̀kan ń jó epo lẹ́ẹ̀kan láàárín yíyí méjì. Písítìn mẹ́rin ló wà, ìyẹn ni pé iná ń bú lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan. 750 di 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 60 pín in: 25 Hz. 25 àti 26! Ìjókòó tí ẹ ṣe fún kámẹ́rà yín, ìlù tí ẹ́ńjìnnì ń lù gan-an ló mọ̀ ọ́n jó.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ so kọ́kọ́rọ́ ńlá kan mọ́ ìdí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di ìwé, kí ẹ di orí rọ́bà náà mú. Ẹ gbé ọwọ́ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀: kọ́kọ́rọ́ á máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín ni. Ẹ yára díẹ̀ sí i: ẹ máa dé ibì kan tí kọ́kọ́rọ́ á ti máa fò ju bí ọwọ́ yín ṣe ń lọ. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà yín wà báyìí. Ẹ wá mi ọwọ́ kíákíá, kóńkó-kóńkó: kọ́kọ́rọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ibẹ̀ la fẹ́ dé. Ibi tí àǹfààní ti ń bẹ̀rẹ̀ ni tí ìgbọ̀n tó ń bọ̀ bá ju ìgbọ̀n àbínibí lọ ní ìlọ́po 1.4. Kó tó dé ibẹ̀, rọ́bà ò gbà yín lọ́wọ́ nǹkan kan, ó ń kó bá yín ni.

Torí náà, sítìn tí wọ́n ṣe fún ìlàjì kílò ni kí ẹ wá. Ẹ jẹ́ kó rì tó 4 mm, ẹ máa bọ́ sí nǹkan bí 8 Hz.

Onímáíkírò
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Agbẹ̀dẹ ti là á yé wa dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ fi ọwọ́ tún ibì kan ṣe. Ìṣirò rírì yẹn péye fún sípíríǹgì irin. Rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà máa ń le sí i tí ìgbọ̀n bá ti dé ju bó ṣe le lábẹ́ ẹrù tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ lé e. Iye tó fi ń le sí i yàtọ̀ láti rọ́bà sí rọ́bà. Ká ní ti Ayàwòrán jẹ́ ìlọ́po 1.3, 26 yẹn máa di nǹkan bí 29.

Ẹ wá rántí ohun tó sọ nípa AC. Tí wọ́n bá tan AC, ẹ́ńjìnnì máa ń gbé sílò rẹ̀ sókè kí ó má bàa kú. Ṣé ó ń tó 870 lọ́dọ̀ yín? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, 29 Hz géérégé.

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Ó ń lọ láàárín 850 sí 900 tí mo bá tan AC. Ẹnu yà mí.

Ìyá_Wáyà
Gbogbo yín ń ṣírò, kò sì sẹ́ni tó béèrè wáyà. Ayàwòrán, báwo ni okùn tó ń gbé iná àti àwòrán ṣe jáde nínú àpótí yẹn?

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wáyà kan ṣoṣo ni, ó nípọn tó ìka mi kékeré, ó ní ìbòrí lára torí òjò. Mo fi ìdè ọ̀rá dè é mọ́ irin dáadáa kí afẹ́fẹ́ má baà máa mì ín. Ibi tí mo ti dè é sí àpótí ò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Ìyá_Wáyà
Mo mọ̀! Ẹ ti ṣe afárá. Ìgbọ̀n tí rọ́bà ì bá dá dúró ń gba orí wáyà yẹn kọjá bí ẹni ń lọ sí ọjà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀, tó bá kúrú tó 3 cm, ó lè le ju sítìn tuntun tí ẹ fẹ́ rà lọ.

Ó ti ṣe mí rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ sítìn lábẹ́ ohun ìwọ̀n kan, mo ra èyí, mo ra tọ̀hún, òǹkà rẹ̀ ò yéé mì. Ọjọ́ tí mo fi ìbínú já wáyà rẹ̀ kúrò lórí ìdè ni òǹkà náà dúró. Ẹ fi wáyà tó rọ̀ pààrọ̀ ìparí rẹ̀, tàbí kí ẹ bó ìbòrí rẹ̀ kúrò ní ibi tó ti sún mọ́ àpótí. Ẹ jẹ́ kó ká yípo ńlá kan kó tó kan àpótí, kó rí bí ìdí ìkòkò, kí ẹ sì dè é síbi tó jìnnà. Tí ẹ bá fi ìka ti àpótí, wáyà ò gbọdọ̀ fà á padà.

Ọkọ̀_Ojú_Omi
Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń tún ẹ̀rọ rédíò ṣe. A kì í lo rọ́bà níbẹ̀. Sítìn okùn irin la máa ń lò, èyí tí wọ́n fi okùn irin aláìdípẹtà lọ́ bíi sípíríǹgì sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì. Epo ò mú un, oòrùn ò mú un, iyọ̀ ò mú un. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ìgbì, ó máa ń tẹ̀ gan-an, ó sì máa padà sáyè rẹ̀. Okùn tó ń fara ra ara wọn nínú rẹ̀ ló ń pa ìgbọ̀n. Ẹ lọ ra ìyẹn, kí ẹ sinmi.

Onímáíkírò
Mi ò bá yín jiyàn lórí ìkọlù òjijì, kò sóhun tó dà bí okùn irin níbẹ̀. Àmọ́ ìṣòro Ayàwòrán kò bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò, orí sílò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbọ̀n sílò kéré, kò tó kí okùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lára ara wọn. Tí wọn ò bá sì yọ̀, ṣe ni wọ́n máa dì mọ́ra, tí wọ́n á le bí ọ̀pá. Tí ẹ bá fi ọwọ́ tì í jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ máa rí i pé ó le. Tí ẹ bá gbá a, ó rọ̀. Ìdàkejì ohun tí kámẹ́rà yìí ń fẹ́ nìyẹn.

Ọkọ̀_Ojú_Omi
Ó dáa, mo gbà fún ẹrù kílò 2. Èyí tó kéré jù lọ́dọ̀ wa, ẹrù rẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dá sí i? Ìwọ̀nba àyè ni ẹ̀gbọ́n ní. Tí a bá fẹ́ 5 Hz pẹ̀lú sípíríǹgì lásán, rírì 10 mm ni. 2 Hz ń fẹ́ nǹkan bí 62 mm. 1 Hz ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ohun kékeré fi ń sá fún sípíríǹgì tó ń lọ ní tààrà. Wáṣà kan wà tó rí bí àwo ìjẹun tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Julien Belleville ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1867. Tí gíga àwo yẹn bá jẹ́ ìlọ́po 1.41 sísanra irin rẹ̀, ó máa dé ibì kan, nígbà tó bá ti fẹ́ tẹ́jú, tí líle rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo: ó ń gbé ẹrù, síbẹ̀ tí ẹ bá tì í díẹ̀, kò tako yín. Gbogbo rẹ̀ ò sì ju mílímítà mélòó kan lọ ní gíga. Ṣé ìyẹn kọ́ ló yẹ ká lò?

Bàbá_Sítìn
Ọmọ mi, o káre. Ìwé tí o kà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n gbé wáṣà yẹn lọ sábẹ́ máíkírósíkópù, lórí tábìlì tí ẹnì kan ò ní fọwọ́ kàn. Ibi tí líle rẹ̀ ti di òdo yẹn, ṣóńṣó ni. Tí ẹrù bá dín díẹ̀ tàbí tó lé díẹ̀, o ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ tó já sí kòtò lẹ́ẹ̀kan ti gbé ẹrù náà kọjá ibẹ̀, wáṣà á sì tún le padà.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń pààrọ̀ sítìn ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ kì yín nílọ̀ lórí 8 Hz tí Ọmọ_Agbẹ̀dẹ dárúkọ. Ara ọkọ̀ lórí sípíríǹgì rẹ̀ ń lọ-bọ̀ ní nǹkan bí 1 sí 2 Hz, ìyẹn ò kàn yín. Ṣùgbọ́n táyà àti ohun tó so mọ́ ọn máa ń ta lábẹ́ ọkọ̀ ní nǹkan bí 10 sí 15 Hz lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun. Tí ẹ bá sá fún ẹ́ńjìnnì, ẹ lè lọ kó sọ́wọ́ táyà. Ẹni tó ń sá fún òjò kó má lọ bọ́ sínú odò.

Rọ́bà kì í rún bíi fóòmù. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ lókè, ó ní láti wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti rí ẹni tó gbẹ́ ihò sínú irin, tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ géérégé kó má baà yẹ̀. Òkúta ló ṣe. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n máa ki bóòtù gba inú rọ́bà já, wọ́n á fi wáṣà irin sí i lókè nísàlẹ̀, wọ́n á wá fún nọ́ọ̀tì títí á fi ké. Irin ti kan irin nìyẹn. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kò bá mi jà, ó ní kí n gbé etí lé irin náà kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì fúnra mi. Mo gbọ́ ọ títí dé eyín.

Ọmọ_Agbẹ̀dẹ
Bàbá, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ nípa táyà. Mo yára jù. A ò lè kúrò ní ọ̀nà táyà pátápátá nínú àyè tó wà, àfi ká yan rọ́bà tó ń pa ìgbọ̀n dáadáa kí ó má baà jó níbi tí wọ́n ti pàdé. Rọ́bà lásán, irú èyí tó ń ta bíi bọ́ọ̀lù, lè sọ ìgbọ̀n di ìlọ́po mẹ́wàá níbi ìpàdé yẹn. Èyí tó ń pa ìgbọ̀n, tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ tí kò ta, kì í jẹ́ kó ju ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Gbèsè rẹ̀ ni pé kò ní dá ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì dúró tó ti rọ́bà tó ń ta. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Tí a bá mú sítìn tó rì 3.5 mm lábẹ́ ìlàjì kílò, tí a sì fi líle tí Onímáíkírò sọ kún un, ó di nǹkan bí 9.6 Hz. Ní 25 Hz, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló máa dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà.

Ti kòtò ńkọ́? Ká ní irin tó gbé e gba ìkọlù 5 g (ìlọ́po márùn-ún bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan) fún ìdá 11 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí sítìn tuntun, àpótí á gbéra tó 6 mm, ohun tó máa dé ara rẹ̀ á sì wá sí 2 g. Lórí sítìn ti tẹ́lẹ̀, kò ní dín kù rárá, odindi 5 g ni, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Tí ẹ bá wá ní kí a rọ̀ ọ́ títí dé 5 Hz, ó máa rì 10 mm, á tún gbéra 11 mm. Àyè yín 25 kì í ṣe 25 o: irin sítìn jẹ nínú rẹ̀, rọ́bà náà ò sì lè tẹ̀ di pẹlẹbẹ. Mo rò pé 12 ló kù fún lílọ-bíbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní lọ sísàlẹ̀ 9.

Dúróònù7
Kí ló dé tí a ò kàn fi irin wúwo kún àpótí náà? Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹrù ò tó fún sítìn àkọ́kọ́. Kò ní ra nǹkan tuntun kankan.

Ọmọ_Agbẹ̀dẹ
Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó dé 13 Hz pẹ̀lú sítìn yẹn, a gbọ́dọ̀ fi irin kílò 6 kún àpótí kílò 2. Tí irin yẹn bá já lójú ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ò ní bi wá nípa Hz.

Onímáíkírò
Ohun kan ṣì kù tí ẹnì kankan ò tíì sọ. Mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù fún kámẹ́rà.

Kì í ṣe pé àpótí ń lọ sókè-sódò ló ń ba àwòrán jẹ́. Pé ó ń mi orí ni. Ká ní ojú ọ̀nà jìn sí kámẹ́rà ní mítà 2. Tí àpótí bá gbéra sókè ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà, àwòrán á yẹ̀ ní ìwọ̀nba yẹn náà, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n tó bá mi orí ní ìdá kan nínú mẹ́wàá dígíríì péré, ibi tó ń wò lójú ọ̀nà á yẹ̀ ní mílímítà 3 àbọ̀.

Ẹ wá wo bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀: ó ga ní 14 cm, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí 8 cm, gbogbo sítìn wà nísàlẹ̀. Bí ẹni gbé ìgò sórí tìmùtìmù. Bí ọkọ̀ bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, orí ló máa kọ́kọ́ yẹ̀. Tí ẹ bá wá rọ sítìn náà bí wọ́n ṣe ń wí yìí láì kúrò níbẹ̀, mímì orí á tún pọ̀ sí i ni! Ẹ wá ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti pàdé: ẹ gbé àpótí náà dùbúlẹ̀ sórí pẹ́ńsù kan, kí ẹ máa yí i títí kò ní tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ibẹ̀ ni kí sítìn wà ní gíga. Ẹ fi irin onígun gbé e jáde sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí àpótí máa rọ̀ láàárín wọn bí ọmọ inú ọ̀já. Ó tún máa dá àyè abẹ́ rẹ̀ padà fún yín.

Kí ẹ má sì fojú kékeré wo ìgbọ̀n yìí. Ní 2021, Apple fúnra wọn kọ ọ́ síta pé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù tó lágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́, torí àwọn ohun kéékèèké tó ń gbé gíláàsì rẹ̀ kiri. Tí kámẹ́rà tiyín bá ní irú rẹ̀, ẹ pa á lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá_Sítìn
Ọ̀rọ̀ àgbà ni Onímáíkírò sọ yìí. Ẹ́ńjìnnì òde òní pàápàá, ẹ wò ó, wọ́n ti ń fi sítìn rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ lókè, wọn ò gbé gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀ mọ́.

Ìyá_Wáyà
Kó tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó dán an wò nílé. Fóònù lásán ní ohun tó ń ka ìgbọ̀n nínú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí, ẹ fi ìka kan àpótí gbì, kí ẹ wo ìlà tó yà. Ẹ ka iye ìgbà tó lọ-bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí gíga ìlà bá ń já sí ìlàjì nígbà kọ̀ọ̀kan, níbi tí òun àti táyà bá ti pàdé, kò ní ju ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ lọ. Kí ẹ rántí pé fóònù náà wúwo o! Igba gíráàmù lórí àpótí kílò 2, ó máa fa òǹkà náà wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn fóònù kan ò sì kà ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, tó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, ohunkóhun tó bá ju 50 Hz lọ, irọ́ ló máa pa fún yín.

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí kò ná mi ní nǹkan kan. Mo gé ìdè ọ̀rá yẹn, mo ká wáyà yípo. Orí sílò sàn díẹ̀, kò tíì dáa. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe irin onígun méjì, mo gbé sítìn ìlàjì kílò sí ẹ̀gbẹ́ ní gíga tí pẹ́ńsù fi hàn mí. Ẹnu yà mí pé ibẹ̀ kì í ṣe àárín àpótí: ó sún sísàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, torí pátákó iná tó wúwo ló wà nísàlẹ̀. Mo lẹ fóònù mọ́ ọn, mo kàn án: ìgbà 9 sí 10 ni, kò sì pẹ́ kó tó dúró.

Orí sílò, àwòrán dúró. Mo tan AC, ó dúró. Mo tún pa á, mo tún tan án, torí mi ò gbàgbọ́.

Fún kòtò, mo dá ọgbọ́n kan. Mo fi rọ́bà nípọn ṣe ìdínà sókè-sódò kí àpótí má baà kan irin, mo wá fi amọ̀ rírọ̀ sáàárín, gíga rẹ̀ 12 mm. Mo gba ọ̀nà tó burú jù tí mo mọ̀. Nígbà tí mo wò ó, ó ti tẹ̀ di 5 mm. Ìyẹn ni pé 7 ló lọ, ẹ̀gbọ́n sọ 6. Kò kan ìdínà rárá.

Ohun tó kù ni pé tí mo bá wà lórí ọ̀nà tó rí bí ìlà àkàbà, àwòrán á ṣe bàìbàì díẹ̀ ní eré kan pàtó. Tí mo bá fi kún eré tàbí tí mo dín in kù, ó lọ.

Bàbá_Sítìn
Táyà nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Yẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò kí o tó tún fọwọ́ kan àpótí. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà á máa ta láìsí ẹni tó mú un. Kí o sì fi pẹ́ńsù sàmì sí gíga tí àpótí wà lónìí. Rọ́bà rírọ̀ máa ń rì sí i díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ooru.

Ayàwòrán_Ọ̀nà
Mo ti sàmì sí i, bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti dè é, ó ti rì tó ìlàjì mílímítà. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ òsì ń jo epo, mo ń gbé e lọ ní àárọ̀ ọ̀la.